Ẹbí Àyálò

Àwọn tó ń sọ pé ìfẹ́ kò mọ àwọ̀, kò mọ èdè, wọn ò tíì jókòó síwájú bàbá mi rí. Bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ò tíì fẹ̀yìn tì lára wọn. Bí ọkùnrin bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, bí ẹni tó wá wáṣẹ́ ni wọ́n ṣe máa ń dá a jókòó. Níbo lo ti wá? Kí lò ń ṣe? Ta ló máa dúró fún ẹ? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló kó mi sínú ohun tí mo wà títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí inú máa ń bí mi tí mo bá ti dé àwọn ibì kan níbẹ̀.

Olúwatóyọ̀sí lorúkọ mi. Lọ́dún 2003, èmi ni mò ń bójú tó kafé kan ní Second Avenue, ní Festac, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá mọ Festac nígbà yẹn á mọ ohun tí wọ́n ń fi kafé ṣe. Láti àárọ̀ dalẹ́ làwọn ọmọkùnrin máa ń kojú sí kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa wá òyìnbó tí wọ́n máa lù ní jìbìtì. Mo kan ìkìlọ̀ mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe yahoo níbẹ̀. Ìṣó tí mo fi kan ìkìlọ̀ náà ni wọ́n máa ń fi báàgì wọn kọ́. Lọ́jọ́ kan, òyìnbó fúnra ẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé.

Àwọn kan pa kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn gba ẹ̀yìn jáde, wọ́n ṣe bí ọlọ́pàá ilẹ̀ òkèèrè ló dé. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹrẹ̀ ti gba ṣòkòtò ẹ̀ dé orúnkún, ó sì gbé àpótí kan tí ìgò kéékèèké kún inú ẹ̀. Ó kí gbogbo wọn kú iṣẹ́, àwọn ọmọ tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń kíni kú.

"Oògùn lẹ̀ ń tà ni?" mo bi í, torí àwọn ìgò yẹn.

"Rárá. Omi kàǹga ni."

"Ẹ̀ ń ta omi kàǹga?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lòun, ará Ukraine, kì í ṣe ará Rọ́ṣíà, kí n jọ̀ọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yẹ omi wò ló mú un wá sí Èkó. Ó ń lọ láti kàǹga dé kàǹga ní Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá àti àyíká ẹ̀, ó ń bu omi, ó ń wò ó bóyá epo ti wọ inú ẹ̀. Mikóla lorúkọ ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ó ti ń kọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ onílé ẹ̀ ní Àmúwo.

"Ṣé kàǹga wà nílé yín?" ó bi mí nígbà tó fẹ́ máa lọ.

"Ó wà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ bu díẹ̀ nínú omi ẹ̀."

"Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń kọnu sí obìnrin lọ́dọ̀ yín ni?"

Ojú ẹ̀ pupa fòò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kó sí wàhálà, torí pé mo fẹ́ kí ojú ẹ̀ tún pupa bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó wá sílé wa, ó bu omi, ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó sì sọ fún màmá mi lójúkojú pé omi wọn ò dáa. Kàǹga tí wọ́n fi ń yangàn ní gbogbo àdúgbò. Màmá mi, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ sí ẹni tí kì í gba ìwọ̀sí, wò ó títí tó fi jáde.

"Ọkùnrin tí ò lè purọ́ kékeré fún ìyá ẹni tó ń wá," wọ́n ní, "ṣé yóò ríyàwó fẹ́ ṣá?"

Ṣùgbọ́n wọn ò mu omi yẹn mọ́.

Nígbà tó yá ló sọ ìdí tí ẹnu ẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Iná ti lọ, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú kafé, à ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní abúlé kan létí odò ni wọ́n bí òun sí. Màmá ẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà nílé ìwé, kò mọ bàbá, kò lẹ́gbọ́n, kò lábúrò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iná Chernobyl bú gbàmù lọ́dún 1986, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Wọ́n ní kó lọ yẹ omi odò wò. Ó kọ ohun tó rí. Ọ̀gá ẹ̀ yí i padà sí pé omi náà dáa, ó ní kó buwọ́ lù ú, Mikóla sì buwọ́ lù ú.

"Àwọn èèyàn abúlé mi ló ń mu omi yẹn," ó ní. "Láti ìgbà yẹn, bí omi ò bá dáa, mi ò lè sọ pé ó dáa."

Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mi ò bìkítà fún àwọn ọmọ yahoo tó ń yọjú lójú fèrèsé. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé bó bá pẹ́ kó tó dé, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi.

Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ní kafé, sà."

"Ní kafé. Ní Festac. Ṣé o mọ ohun tí aráyé máa sọ? Wọ́n á ní o lu òyìnbó ní jìbìtì, jìbìtì ọ̀hún ló wá di ìgbéyàwó."

"Dádì, òun ló wá bá mi."

"Ẹbí ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní, sà."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀. "Bó bá gbá ẹ létí lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ fẹjọ́ sùn? Bó bá sá lọ, ilé ta ni kí n lọ jókòó sí? Tóyọ̀sí, a kì í fọmọ fún ọkùnrin. Ẹbí là ń fọmọ fún."

Màmá mi ń ṣa òkúta inú ìrẹsì nítòsí, wọn ò gbójú sókè. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn bàbá mi ni wọ́n wà.

Ibẹ̀ ni Àṣírù ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Òun ni ọmọ onílé Mikóla. Ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n ní Àmúwo, ilé wọn ò jìnnà sí Raji Rasaki Estate. Ó ń bá àwọn èèyàn ta ilẹ̀, ó ti lé lọ́mọ ọdún méjìlélógójì, kò tíì gbéyàwó, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbàlagbà. Òun la fi ṣe alárinà. Tí Mikóla bá ránṣẹ́ sí mi, Àṣírù ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà kafé, á ní Mikóla ní òun ò rí oorun sùn, ó ní bí mo bá ti rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí wọ́n múná dé ni. Inú mi á dùn, n ó máa fọwọ́ bo ẹnu.

Ó lọ bẹ bàbá mi, wọ́n lé e. Ó tún lọ. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní, "Bó bá ní ẹbí, kó kó wọn wá. Bí kò bá ní, ẹ má dààmú mi mọ́."

Àṣírù délé, ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ìyá ẹ̀, Àlájà Ṣẹ̀fíátù. Opó ni Àlájà, àwọn ló nilé. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ń gbé inú ilé mi, tó ń kí mi láràárọ̀, tó ń jẹ nínú ìkòkò mi, ta lẹ wá fẹ́ kó jẹ́ ẹbí ẹ̀?"

Bí ìdílé onílẹ̀ Àmúwo ṣe jáde fún ọmọ Ukraine nìyẹn. Wọ́n kún pálọ̀ wa fọ́fọ́ lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Àṣírù dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mikóla, ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ. Bàbá mi ò wo àwọn ọkùnrin. Àlájà ni wọ́n ń wò.

"Ẹ̀yin ni mo mọ̀ o," wọ́n ní. "Bí nǹkan bá dé, mi ò mọ̀nà Ukraine."

"Ẹ ò ní í dé Ukraine," Àlájà dá wọn lóhùn. "Àmúwo ni kẹ́ ẹ wá. Èmi ni mo bí i."

Gbogbo pálọ̀ fẹ̀rín sí i. Àwọn àgbàlagbà méjèèjì yẹn nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, èmi òmùgọ̀ ò sì fura.

Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀, ara Mikóla ò balẹ̀. "A ti tan bàbá ẹ," ó ní.

"Ta ló tan ta?" Àṣírù ní. "Àṣà ni. Ẹni tí ò bá ní ẹbí, a ó yá a."

Lójú tèmi, àga la háyà fún òde, tí wọ́n á kó padà lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọn kì í kó ẹbí padà.

A ṣe ìdána lóṣù kẹjọ ọdún 2004. Ti kọ́ọ̀tù, a ní a ó ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, tí àwọn ìwé Mikóla bá ti pé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdána, wọ́n sìn mí lọ sílé Àlájà, wọ́n da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyàwó, Àlájà ní, "Ìyàwó ilé yìí, wọlé." Mo wọlé. Mo gbádùn ilé náà o, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́. Mikóla á tibi iṣẹ́ dé, á bá mi fọ abọ́, Àlájà á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ tó ń fọ abọ́, ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ ò ní gbó láyé.

Lóṣù kọkànlá ni ilé ayé mi yí padà, nínú kafé mi náà ni. Mikóla jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, kò dìde. Mo lọ yọjú wò ó. Èrò ló kún ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn, wọ́n dúró sínú yìnyín ní ìgboro Kiev, wọn ò lọ sílé.

"Wọ́n ti ṣe màgòmágó ìbò," ó ní.

"Ìbò tiwa níbí ńkọ́? Ta ló tìtorí ẹ̀ dúró sínú òjò?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Tóyọ̀sí, àwọn tó ń yí ohun téèyàn kọ padà náà ni. Àwọn náà ni. Mo ti dákẹ́ nígbà kan rí."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Onímọ̀ omi ni ẹ́."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Mà á padà wá."

Mo bú u, mo sunkún, mo tún bá a di ẹrù. Àlájà ṣàdúà fún un lẹ́nu ọ̀nà, Àṣírù fi ọkọ̀ gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ó ń wo ẹ̀yìn títí wọ́n fi yí kọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ò tíì pé lójú ẹ̀. Àwọn aláwọ̀ ọsàn borí, ìjọba tuntun dé, wọ́n ní kó wá bá àwọn tún ọ̀rọ̀ omi ìlú ṣe. Lọ́dún 2006 wọ́n dìbò yàn án sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó fi fọ́tò ara ẹ̀ ránṣẹ́, ó wọ kóòtù, ó de táì, ó ti sanra. Àlájà ní ká lọ fi férémù sí i, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ wọn tó ti kú, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Ọmọ mi nìyẹn, sẹ́nétọ̀ ni lọ́hùn-ún."

Èmi ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá bi í ní nǹkan tí kò mọ̀, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí kò mọ̀ mọ́. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí èrò dúró níwájú ẹ̀. Ìgbà wo lò ń bọ̀? Nǹkan ti ń dára, oṣù tó ń bọ̀. Ìgbà wo ni kí n wá? Láìpẹ́, láìpẹ́. Mo lọ tọrọ fíìsà fúnra mi ní ẹ́ḿbásì Ukraine, obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n mú ìwé ìgbéyàwó wá. Mo ní kò sí, ìdána la ṣe. Ó ní kò sí ìgbéyàwó nìyẹn. Ẹ wò ó ná: lọ́dọ̀ tiwọn, mi ò tíì di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ní Àmúwo, mo ti di ìyàwó tí kò lè kúrò mọ́.

Mo lọ bá bàbá mi. Mo ní mo fẹ́ padà sílé.

"Ẹbí tí mo fi ẹ́ fún, ṣé wọ́n lé ẹ ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ebi ń pa ẹ́ níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ẹnì kan ṣíwọ́ lù ẹ́?"

"Rárá, Dádì."

"Kí ni kí n wá bi wọ́n? Mo ti sọ fún wọn pé àwọn ni mo mọ̀. Wọn ò já mi kulẹ̀. Padà sílé ọkọ ẹ."

Màmá mi sìn mí dé géètì, wọ́n di ìrẹsì fún mi, wọ́n ń nu ojú. Mo padà sí Àmúwo, torí pé òótọ́ ni bàbá mi sọ. Ká ní Àlájà rorò ni, ǹ bá ti sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹran tó dáa nínú ọbẹ̀, èmi ni wọ́n máa bù ú fún. Bí orí bá ń fọ́ mi, wọn kì í sùn. Bí mo bá fajú ro, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, ọkọ ẹ ń bọ̀," wọ́n á sì máa fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Báwo lèèyàn ṣe ń sá fún irú wọn?

Àṣírù ló ń gbé mi láti kafé sílé, torí Àlájà ní ìyàwó òun ò gbọdọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn. Bọ̀dá Àṣírù ni mò ń pè é. Òun ń pè mí ní Ìyàwó. Jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́, òun ló ń tún un ṣe. Kafé tí ẹni tó ni ín fẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀, òun ló bá mi dá sí i. N ò lè sọ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí dídún ọkọ̀ ẹ̀.

Lóṣù keje ọdún 2007, òjò ńlá ká èmi àti Àṣírù mọ́ ojú títì ní Mazamaza bó ṣe ń gbé mi lọ sílé. Omi gba títì, ọkọ̀ kú, a jókòó sínú ẹ̀, a ò rí iwájú, a ò rí ẹ̀yìn. Mo ní kí ọ̀rọ̀ má baà tán lẹ́nu wa, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń jẹ́ iṣẹ́ Mikóla fún mi? Ó ń dùn mí o, kò sọ irú ẹ̀ sí mi mọ́."

"Mikóla ò sọ irú ẹ̀ sí ẹ rí. Gbogbo ohun tó bá ní kí n sọ ni pé kí n kí ẹ. Èmi ni mo ń fi ìyókù kún un."

"Alárinà lẹ sáà ń ṣe. Iṣẹ́ yín ni."

"Iṣẹ́ kọ́, Tóyọ̀sí."

Kò pe orúkọ mi rí. Mo ń wo omi tó ń ṣàn lójú gíláàsì. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tó ń ṣe òun náà ló ń ṣe mí, pé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí, pé mo kàn ń pè é ní ìmoore ni.

"Ẹ lọ sọ fún Àlájà," mo ní.

"Kí n sọ pé kí ni? Pé mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó àbúrò mi?" Ó fi iwájú orí lé sítíárìn. "Ká tiẹ̀ ní ó kú, àbúrò ló ń ṣú opó ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣú ti àbúrò. Ẹni tó wà láyé nìyí."

"Àbúrò wo? Òyìnbó ará Ukraine tó háyà yàrá yín?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ bàbá ẹ, mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí. Gbogbo ẹbí mi gbọ́. Ìyá mi ní àwọn ló bí i. Lọ sọ fún wọn pé àwọn kọ́ ló bí i."

A ò fọwọ́ kan ara wa lọ́jọ́ yẹn, a ò sì fọwọ́ kan ara wa lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kó gbà á gbọ́. Adìẹ bà lókùn lọ̀rọ̀ wa, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. À ń jẹun lórí tábìlì kan náà, Àlájà á máa rọ Àṣírù pé kó lọ wáyàwó, kó wo àbúrò ẹ̀ tó ti níyàwó ṣáájú ẹ̀, èmi á máa bu ọbẹ̀.

Nígbà tí n ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlájà lẹ́yìn tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ tán. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ Mikóla yìí, gbogbo wa la mọ̀ pé nítorí bàbá mi la ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ yá a ní ẹbí ni. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i."

Wọ́n rọra ká ẹní ìkírun wọn. "Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, Màmá."

"Ọjọ́ tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi, mà á gbọ́. Mà á gbé ẹ padà fún bàbá ẹ fúnra mi, kò sì sí ọkùnrin tí o ò ní lè fẹ́." Wọ́n wò mí dáadáa. "Ọkùnrin kankan. Ojú mi ò fọ́, Tóyọ̀sí. Mo ń rí ohun tó ń ṣe ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin méjì ni mo ní, mi ò ní fi ọ̀kan ta ọ̀kan."

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù nìyẹn, ọwọ́ Mikóla sì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà. Mo ṣe bí ó rọrùn. Lóṣù kẹsàn-án wọ́n tún ìbò dì lọ́dọ̀ wọn, Mikóla fìdí rẹmi. Mo dúró kí ara ẹ̀ wálẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lóṣù kọkànlá, mo pè é láti pálọ̀ Àlájà. Àlájà ń kírun nínú yàrá. Àṣírù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò lè jókòó.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mi ò fi Àṣírù pamọ́.

"Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́," ó ní. Ohùn àtijọ́ ni, ohùn orí bẹ́ǹṣì. "Èèyàn dáadáa ni Àṣírù. Fẹ́ ẹ. Mi ò ní bínú, mo fi Ọlọ́run búra."

"Ìyẹn ò tó. Màmá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Kó o kàn sọ fún wọn pé àwọn kọ́ ni ìyá ẹ. Gbólóhùn kan. Òótọ́ sáà ni, Mikóla. Ìwọ tí o kì í purọ́."

"Èmi tí n kì í purọ́." Ó rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Tóyọ̀sí, ṣé o mọ ohun tí mo ti fẹnu mi sọ láti ọdún mẹ́ta? Mo ti dúró níwájú àwọn tí omi wọn ti bàjẹ́, mo ní kí wọ́n máa mu ún, ìjọba tiwa ló ń bójú tó o. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lọ́jọ́ tí mo pàdánù ìbò, kò sẹ́ni tó pè mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló pè. Ó ní ṣé mo ti jẹun."

Mo mọ ẹni tó pè é. Káàdì fóònù Àlájà, èmi ni mò ń bá wọn ha á.

"Jọ̀ọ́," mo ní. "Mò ń bẹ̀ ẹ́."

"Mo lè fi ìwọ sílẹ̀," ó ní. "Mo ti fi ẹ́ sílẹ̀, ojú ń tì mí. Òun ni mi ò lè fi sílẹ̀. Má ní kí n sọ ọ́."

Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni Àlájà jáde sí pálọ̀. "Ṣé Mikóla nìyẹn?" Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ ibi tó máa mú ohùn ẹ̀ jáde sóde, torí etí wọn ò mú mọ́. Wọ́n wo Àṣírù, wọ́n wò mí, ó yé wọn.

"Mikóla," wọ́n ní, "wọ́n ní o ní ọ̀rọ̀ kan bá mi sọ. Sọ ọ́, ọmọ mi. Mà á gbà á."

A dúró. Àṣírù gbá férémù ilẹ̀kùn mú. Mò ń bẹ Ọlọ́run nínú, mò ń bẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé.

"Màmá," Mikóla ní, Yorùbá ẹ̀ ti dógùn-ún. "Mo fẹ́ wálé."

Àlájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n ń sọ pé Alihamdulilahi, Alihamdulilahi, omi ń dà lójú wọn. "Wálé. Ta ló ní kó o má wálé? Àṣírù, gbà, bá àbúrò ẹ sọ̀rọ̀."

Àṣírù wò mí. Ẹnu ẹ̀ ló kù. Ká ní ó sọ ọ́ nígbà yẹn, ká ní ó ní òun fẹ́ràn obìnrin yìí, mo rò pé ǹ bá tẹ̀ lé e jáde lójú gbogbo Àmúwo. Ó wo ìyá ẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gba fóònù.

"Àbúrò," ó ní, "máa bọ̀. Èmi ni mà á wá gbé ẹ."

Ó na fóònù sí mi láìwo ojú mi. Wọ́n ń gbọ́ wa, àwọn méjèèjì.

"Tóyọ̀sí," Mikóla ní, jẹ́jẹ́, "ṣé kí n máa bọ̀?"

Àlájà gbójú sókè, wọ́n ń wò mí, wọ́n di ìsàlẹ̀ ìró mi mú bí ẹni tó fẹ́ fi dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí lẹ bá sọ?

Mo ní kó máa bọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Àlájà ra bẹ́ẹ̀dì ńlá kan fún èmi àti Mikóla. Kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n ní láti tú u. Àṣírù ló bá wa gbé e wọlé, òun náà ló tún un tò.